Ìdúró Kékeré Tí Abẹ́rẹ́ Àlàájà Nílò

Tí ẹ bá bi ọkọ mi léèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń sanwó fún mi, á ní mo máa ń bá òkú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Kò purọ́. Àwọn kọ̀ǹpútà tí mo kó jọ sí yàrá ẹ̀yìn nílé wa ní Ìsọlọ̀, àwọn tí ilé iṣẹ́ ti jù síta ni. Ọwọ́ àwọn tó ń ta àlòkù ní Òṣòdì ni mo ti rà wọ́n, níbi tí wọ́n ti ń gbé wọn sórí ìwọ̀n bí ẹni ń ta irin. Ọkọ mi ní tí àlejò bá ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn, á rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń bá wọn sọ. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní ètò kan tó ń jí i, tó ń sọ fún un pé ibí ni kó ti mú nǹkan, ọ̀hún ni kó gbé e sí. Ti ayé òde òní kún fún àwòrán, èèyàn á máa fi ìka tọ́ ọ bí ẹni ń yan ẹja lórí àtẹ. Tiwa kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú ni, lẹ́tà funfun, pẹ̀lú àmì kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. O fọwọ́ ara rẹ tẹ àṣẹ, ó ṣe é. Tó ò bá mọ ohun tó o fẹ́, kò ní bá ọ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ń bi èèyàn láyé òde òní pé ṣé ó dá ọ lójú, ṣé o fẹ́ ká rán ọ létí, ṣé o gbádùn wa. Èyí kì í bi mí ní ohunkóhun.

Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ti pa á tì tipẹ́. Àwa kan la tún un ṣe láti ìpilẹ̀, tó jọ ti àtijọ́ bí ìbejì, a sì ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. A ò pọ̀, a ò sí nílùú kan náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí ara wọn rí. Orí ímeèlì la ti ń jà. Àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tẹlifóònù ní ìlú òtútù kan ló di kọ́kọ́rọ́ mú: ohun tí ẹnikẹ́ni bá tún ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ọkùnrin kan tún wà tí mo máa ń pè ní Ọlọ́wọ́-Kíákíá nínú ọkàn mi, torí kó o tó ṣàlàyé ìṣòro rẹ tán, ó ti kọ kóòdù rẹ̀. Èmi kì í kọ kóòdù. Èmi ni adánwò. Tí wọ́n bá ṣe ẹ̀dà tuntun, màá gbé e sórí àwọn òkú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, màá wo èyí tó jí àti èyí tó kọ̀, màá sì kọ̀wé sí wọn. Mi ò kì í fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́. Wọ́n ti mọ̀ mí.

Ilé iṣẹ́ tí mo ti ń jẹun wà ní Ẹ́sítéètì ní Ìsọlọ̀, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí ọkọ̀ àjàgbé ti ń fi gbogbo ọjọ́ wá ibi tí yóò yà sí. Ọ̀rá búrẹ́dì là ń ṣe níbẹ̀, èmi ló ń tọ́jú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá náà ní kọ̀ǹpútà ojú dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ọ̀gá ò sì fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ torí ó ń gé ọ̀rá. Nígbà tí ètò inú rẹ̀ dà rú, tí mo wá ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ kiri intánẹ́ẹ̀tì, mo bá àwọn èèyàn mi pàdé. Mo kọ̀wé láti bú wọn nípa ohun kan tí kò ṣiṣẹ́. Àgbà wa dá mi lóhùn pé ó jọ pé mo mọ nǹkan dán wò, ṣé màá máa dán an wò fún wọn. Báyìí ni mo ṣe wọ ẹgbẹ́.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ wa tí kì í yé ará ìta. A kì í kàn rí àléébù ká tún un ṣe. Ilé tí mo kọ́kọ́ gbé ní Òṣòdì, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ilẹ̀kùn àbáwọlé rẹ̀ sókè díẹ̀ kó tó lè tì. Gbogbo ará ilé ló mọ̀, títí kan ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Lọ́jọ́ kan láńdíọ̀dù mú káfíńtà wá, ó tún un ṣe dáadáa, ni ilẹ̀kùn bá ń há mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́, torí ọwọ́ wa ṣì ń gbé e sókè. Bí ètò àtijọ́ yìí ṣe rí nìyẹn. Ó ní àléébù, àmọ́ àwọn tó kọ nǹkan lé e lórí láyé ọjọ́un ti mọ àléébù yẹn mọ́ra. Torí náà, tí ti àtijọ́ bá ń tiro, tiwa náà gbọ́dọ̀ tiro, ẹsẹ̀ kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìjà wa dá lórí èwo ni àléébù tí ẹnì kan gbára lé, èwo sì ni àléébù lásán.

Ìjà tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti abẹ́rẹ́ Àlàájà.

Àlàájà ní ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà Ailegun. Iṣẹ́ mónógíráàmù ló ń ṣe, ìyẹn ni pé ó ń fi òwú kọ orúkọ sára aṣọ: báàjì iléèwé, àpò àyà ẹ̀wù òṣìṣẹ́, fìlà, tówẹ́ẹ̀lì àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ìṣẹ́yìn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí i sí, Yorùbá Èkó ló sì ń sọ àyàfi tí inú bá ń bí i. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ ti kúrò nílé. Ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi débi pé wọ́n wó férémù ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbé e wọlé. Ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Ẹ́sítéètì kógbá sílé ló rà á. Ẹ̀rọ ọ̀hún ò dá ọgbọ́n ní. Kọ̀ǹpútà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún fún un, kọ̀ǹpútà ojú dúdú bíi tèmi. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún Àlàájà pé obìnrin kan wà tó ń jí wọn dìde. Látìgbà náà lèmi náà ti ń lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, bí kò bá tiẹ̀ sí ohun tó bàjẹ́, torí Àlàájà mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó gùn. Àkọ́bí Àlàájà, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ti kun yàrá kan sílẹ̀ dè é. Gbogbo àwọn ọmọ ló fẹ́ kó wá sinmi. Àlàájà ò fẹ́ sinmi. Lọ́jọ́ Iléyá kan tí wọ́n yí i ká, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, ó sọ ọ̀rọ̀ kan láti fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀: ó ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá kú lòun máa tẹ̀ lé wọn. Ó rò pé irin kì í kú. Àwọn ọmọ gbà, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Látìgbà yẹn, tí àkọ́bí bá pè, lẹ́yìn “ẹ káàárọ̀ Màámi”, ohun tó kàn ni “ẹ̀rọ ńkọ́?”

Lọ́jọ́ kan tí ìwọléẹ̀kọ́ ti ń sún mọ́lé, tí báàjì iléèwé kan ládùúgbò wà lọ́wọ́ rẹ̀, Àlàájà pè mí.

“Ẹnjiníà,” ó ní, “nǹkan kan ń lọ ata nínú kọ̀ǹpútà yìí o.”

Mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Háàdì dísìkì ni, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tó mọ̀ pa mọ́ sí. Kí n tó débẹ̀, ó ti lọ ata tán, ó ti dákẹ́. Ọpẹ́ ni pé àwọn ọnà tó fẹ́ rán wà lórí fulọ́pì, dísìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ki bọ kọ̀ǹpútà láti ìta. Mo wá irú dísìkì yẹn kiri Òṣòdì. Gbogbo èyí tí mo rí ni ẹni tó ń tà á ń búra pé ó ń ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ náà ló sì ń lọ ata. Ọgbọ́n tí ẹgbẹ́ wa máa ń dá ni pé ká fi mẹ́mọ́rì káàdì kámẹ́rà rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú pátákó kékeré kan tó ń tan kọ̀ǹpútà jẹ pé dísìkì nìyí. Àmọ́ ẹ̀dà àtijọ́ ètò wa, tó wà lórí kọ̀ǹpútà Àlàájà tẹ́lẹ̀, kò mọ irú káàdì bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde mọ̀ ọ́n. Mo gbé e sí i. Àmì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, ariwo ata ò sí mọ́, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

“Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i,” Àlàájà sọ. Ó ṣàdúrà fún mi, fún ọkọ mi, fún àwọn tí mò ń bá kọ̀wé ní ìlú òtútù.

Ó so aṣọ mọ́ férémù, ó tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kán. Ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ rán díẹ̀, òwú wé mọ́ra wọn bí irun tí wọn ò yà, abẹ́rẹ́ tún kán. Ó ní ayédèrú òwú ni wọ́n tà fóun, ó pààrọ̀ òwú. Èmi ní iná ìjọba ni, pé kò tó, ẹ jẹ́ ká tan jẹnẹrétọ̀. A tan jẹnẹrétọ̀. Abẹ́rẹ́ kán. Ibi tá a wà nìyẹn tí fóònù fi dún.

“Ẹ káàárọ̀ Màámi. Ẹ̀rọ ńkọ́?”

Àlàájà wo abẹ́rẹ́ tó kán lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò mí. “Ó ń sinmi ni,” ó ní.

“Màámi, ṣé ó ti kú?”

“Mo ní ó ń sinmi. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ìsinmi dáa.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun mọ ara òun. Ó ní tóun bá dé Ìbàdàn, ìjókòó lóun máa jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi gbé òun lọ sin. Kò sunkún. Bí ẹni ń sọ iye òwú tó kù ló ṣe sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí gbogbo nǹkan, bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́bí rẹ̀ tí kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Mo ní kó yọ abẹ́rẹ́ kúrò pátápátá, kó jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ lófìfo. Mo dijú. Mo ti jókòó ti ẹ̀rọ yẹn lọ́pọ̀ Sátidé, mo mọ bó ṣe ń dún. Tẹ́lẹ̀, á rán ìlà kan, tá-tá-tá-tá, á dúró díẹ̀, férémù tó di aṣọ mú á sún, á tún bẹ̀rẹ̀. Báyìí kò dúró mọ́. Férémù ń sún nígbà tí abẹ́rẹ́ ì bá ṣì wà nínú aṣọ. Irú abẹ́rẹ́ wo ni kò ní kán? Mo sì mọ ibi tí ìdúró yẹn lọ, torí ojú mi ni wọ́n ṣe yọ ọ́.

Ìwà kan ni ètò àtijọ́ ní. Tó bá ka nǹkan tán lórí dísìkì, á dúró díẹ̀ kó tó dáhùn, ìdúró tí kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó mọ ìdí. Tiwa náà ń dúró bẹ́ẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ọlọ́wọ́-Kíákíá wá ní ìmẹ́lẹ́ lásán ni, ká yọ ọ́ kí nǹkan lè yá. A jiyàn díẹ̀, a sì dán an wò. Àwa adánwò gbé e sórí kọ̀ǹpútà wa, kálukú nílùú tirẹ̀, gbogbo wa la sì kọ̀wé pé ó dáa, ó yá. Kò sí ìkankan nínú wa tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Lẹ́tà funfun lójú dúdú là ń wò láti àárọ̀ dalẹ́, a sì rò pé ibi tí lẹ́tà bá parí sí ni iṣẹ́ parí sí. Irú wa nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ ètò ẹ̀rọ Àlàájà láyé ọjọ́un ti fi ìdúró yẹn sínú ìṣirò rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni abẹ́rẹ́ ń ráyè jáde.

Mo jókòó sórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo kọ ọ́ sí wọn lórí fóònù mi. Èsì Ọlọ́wọ́-Kíákíá dé kí Àlàájà tó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní kí n mu débẹ̀. Ó ní ẹni tó kọ ètò ẹ̀rọ yẹn ló jẹ̀bi, pé ṣe ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè bóyá abẹ́rẹ́ ti jáde. Ó ní ṣé gbogbo ayé á wá máa dúró nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ni.

Orí mi gbóná. Mo kọ ọ́ sí i pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kò dùn mọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ni mo bá fi kún un pé kó wọkọ̀ òfuurufú wá sí Ailegun, kó wá sọ ọ́ lójú Àlàájà. Mo fi ránṣẹ́ kí n má baà rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ká sòótọ́, ohun tó sọ kì í ṣe irọ́. Ẹni tó kọ ètò yẹn ló jẹ̀bi. Àmọ́ ilé iṣẹ́ onítọ̀hún ti palẹ̀ mọ́ tipẹ́, ẹni tó jẹ̀bi ò sí nílé mọ́, Àlàájà ló wà nílé.

Àgbà wa kì í gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó jẹ́ ká jà díẹ̀, ó wá kọ gbólóhùn kan: “Ẹ fi hàn wá.” Òfin wa nìyẹn. Ohun tó bá ṣe é fi hàn, a kì í jiyàn lé e lórí. Ó fi ẹ̀dà méjì ránṣẹ́ sí mi, ọ̀kan bó ṣe wà, ìkejì pẹ̀lú ìdúró tó ti dá padà síbẹ̀ fún ìdánwò. Ó ní kí n lo méjèèjì lórí ẹ̀rọ náà gan-an, kí n ya fídíò rẹ̀ tòun ti ariwo rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdúró ló fà á, gbogbo wa á rí i. Tí kì í bá ṣe òun, á wà níta tá a jù ú sí, kí n sì wá nǹkan mìíràn. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè wá. Tí kì í bá ṣe ìdúró yẹn, Ìbàdàn ló kù, mo sì mọ̀ pé Àlàájà náà mọ̀ ọ́n, torí nígbà tí mo lọ gbé ẹ̀dà méjèèjì sórí káàdì nílé tí mo sì pa dà dé, ó ti ń ká àwọn aṣọ tí kò tíì rán, ó ń tò wọ́n sínú àpò.

“O ní kí n mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún òyìnbó wò?” ó bi mí.

“Ẹ̀rí ni wọ́n fẹ́, Àlàájà.”

“Ṣé ẹnu tìẹ ò tó wọn ni?”

“Wọn kì í gba ẹnu. Tiwọn náà, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ ara wọn.”

Ó rò ó, ó ní ìyẹn dáa, pé tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọjà, ayédèrú òwú ò ní wà. Ó ní kí n dúró. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, ó lọ pààrọ̀ ìborùn, ó sì jáde wá nínú èyí tó máa ń wọ̀ lọ kírun Jímọ̀. Kí n tó tan fóònù tán, ó ti ń kí wọn. Ó béèrè ilé wọn, ó béèrè ọmọ, ó ní òun gbọ́ pé òtútù pọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n máa mu nǹkan gbígbóná. Mi ò gé e kúrò nínú fídíò. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rí, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ò pẹ́ rárá. Tá-tá-tá, gbàù, abẹ́rẹ́ kán. Àlàájà gbé e sún mọ́ fóònù. “Ẹ rí i báyìí,” ó ní, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ṣẹ́ ẹ. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo pààrọ̀ káàdì. Ó fi abẹ́rẹ́ tuntun sí i, ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó ṣe bísímílà.

Tá-tá-tá-tá. Ó dúró. Férémù sún. Tá-tá-tá-tá.

Ẹ̀rọ rán àwòrán iná tó wà lórí báàjì náà, ó rán àwòrán ìwé tó ṣí sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó wá ń rán orúkọ iléèwé yípo, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kò sí òwú tó wé. Àlàájà fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, ó fi ṣísọ́ọ̀sì gé òwú, ó na báàjì náà sí iwájú fóònù láìsọ nǹkan kan, òun tó ti fi gbogbo ọ̀sán kí wọn. Mo jó. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró wò mí, mo ń bá ijó mi lọ.

Ọlọ́wọ́-Kíákíá ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní òun ti dijú gbọ́ ọ léraléra, òun gbọ́ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ń jáde, òun ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìdúró yẹn ń ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà. Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ èmi. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Fídíò ti mú òun náà rìn dé Ailegun wàyí. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ dá ìdúró náà padà, àgbà wa sì gbà á wọlé. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn gan-an láti ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ti tún jà lórí nǹkan mìíràn.

Àṣà kan tún wà tá a máa ń tẹ̀ lé. Àléébù tá a bá mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀, ẹni tó fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ gbólóhùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú kóòdù. Kọ̀ǹpútà kì í ka irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, èèyàn nìkan ló wà fún. Yóò sọ ẹni tó gbára lé nǹkan náà àti ẹni tá a máa bi léèrè tó bá yá. Nígbàkigbà tá a bá fẹ́ gbé ẹ̀dà tuntun jáde, àgbà wa á béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún pé ṣé wọ́n ṣì nílò rẹ̀. Tí kò bá rí èsì gbà, a máa ń yọ ọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ nítorí ẹni tó ń fi ẹ̀rọ wọn wàrà ní abúlé kan, ọ̀kan wà nítorí agogo iléèwé kan lórí òkè. Wọ́n ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Èyí tí Ọlọ́wọ́-Kíákíá kọ rèé, mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín: “Ẹ má yọ ìdúró yìí. Àlàájà ní Èkó ń fi í ránṣọ. Tí kò bá ránṣọ mọ́, adánwò wa ní Èkó á sọ fún wa, a ó sì yọ ọ́.”

Mo gbé fóònù lọ fi han Àlàájà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Báàjì ti kún orí tábìlì. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi sójú. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ kò sí lẹ́tà tí kò lè dá mọ̀, ẹni tó ti ń fi òwú kọ ọ́ látọjọ́ yìí wá. Ó fi ìka tẹ̀ lé e títí ó fi kan ibi tí wọ́n kọ Àlàájà sí.

“Èmi nìyí?”

“Ẹ̀yin ni.”

“Ṣé inú kọ̀ǹpútà tèmi nìkan ló wà?”

“Rárá o. Ibi gbogbo tí ẹnikẹ́ni bá ti gbé ètò wa ni. Ẹni tó wà ní Íńdíà, ẹni tó wà nílùú òyìnbó, kọ̀ǹpútà wọn á dúró díẹ̀ nítorí yín.”

Ó ní kí n ka gbogbo rẹ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, títí kan ibi tí wọ́n ti ní àwọn á yọ ọ́. Mo kà á. Ó ń mi orí lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìpè àkọ́bí rẹ̀ ló já lu ọ̀rọ̀ wa.

“Ẹ káàsán Màámi. Ẹ̀rọ ńkọ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Àlàájà gbé fóònù sún mọ́ ẹ̀rọ, ó jẹ́ kó gbọ́ ọ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sì sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní ẹ̀rọ á tún bàjẹ́ lọ́jọ́ mìíràn, pé àwọn ò lè máa sùn kí ọkàn àwọn máa wà ní Ailegun, pé ẹ̀mí Màámi ló jẹ àwọn lógún. Mo dìde kí n lè jáde fún wọn. Àlàájà fọwọ́ sọ fún mi pé kí n jókòó.

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ mọ́,” ó ní. “Wọ́n ti kọ mí sínú nǹkan kan báyìí, gbogbo ayé ló wà. Wọ́n ní tí mo bá dáwọ́ dúró, wọ́n á yọ mí. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n yọ ìyá ẹ?”

“Rárá, Màámi,” ọmọ náà ní.

“Ó dáa. Kí àwọn ọmọ fún mi. Yàrá yẹn, ẹ fi gba àlejò.”

Ó pa fóònù. Kò pa dà sídìí iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ń wo ìta, níbi tí pátákó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

“Orúkọ bàbá wọn ló wà lórí pátákó yẹn,” ó ní. “Orúkọ rẹ̀ náà ló wà lórí ìwé ilé. Kò sí àyà ọmọ iléèwé tí ọwọ́ mi ò kọ nǹkan sí ní àdúgbò yìí. Kò sẹ́ni tó kọ tèmi síbì kankan rí.”

Omi bọ́ lójú mi, mo sì jẹ́ kó bọ́.

“Tí wọ́n bá wá bi ọ́ ńkọ́,” ó ní, “pé ṣé mo ṣì ń ránṣọ? Kí lo máa sọ?”

“Màá ní ẹ ṣì ń rán an.”

“Tètè sọ ọ́ o,” Àlàájà ní. Ó ti tẹ̀ ba, ó ń ki òwú pupa bọ ojú abẹ́rẹ́. “Má jẹ́ kí wọ́n bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.”